Lyman Digital: géèjì tó ń wọn tírígà, àti ọwọ́ tó ń yí ohun tó kà padà

Tírígà ìbọn ìléwọ́, ìyẹn irin tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, tí agbára ìfà rẹ̀ ka 2,000 gíráàmù láàárọ̀ lè ka 1,600 lálẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi kọ́kọ́rọ́ kan síkúrù ara rẹ̀. Ìbọn kan náà ni, géèjì kan náà ni. Ibi tí wọ́n fi ìkọ́ géèjì há lára tírígà ló yí padà. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa bínú sí géèjì, á sì máa yí síkúrù tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Nítorí náà, bí a ṣe ń yẹ Lyman Digital Trigger Pull Gauge, géèjì tó ń wọn agbára tí a fi ń fa tírígà, wò níbí, ìdajì ọ̀rọ̀ á jẹ́ ti ẹ̀rọ, ìdajì á jẹ́ ti ọwọ́ tó dì í mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Fún ẹni tó ń tún tírígà ṣe, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀kan yí nǹkan padà lóòótọ́, géèjì yìí dára, ó sì yẹ kó wà lórí tábìlì iṣẹ́. Fún ẹni tó ń lọ sí ìdíje níbi tí adájọ́ ti máa wọn tírígà kó tó jẹ́ kó yìnbọn, géèjì yìí nìkan kò tó. Irin ìwọ̀n, ìyẹn irin tí a mọ bó ṣe wúwo tó tí wọ́n ń fi kọ́ tírígà, ni adájọ́ á gbé jáde, irin ìwọ̀n náà ló sì yẹ kí onítọ̀hún fi yẹ ara rẹ̀ wò kó tó kúrò nílé.

Ohun tó wà nínú géèjì náà

Lyman jẹ́ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1878, irinṣẹ́ àwọn ayìnbọn ló sì ń ṣe. Géèjì yìí jẹ́ ohun kékeré tó gba àtẹ́lẹwọ́, ó ní síkírínì, ọ̀pá irin kan tó ní ìkọ́ lórí sì yọ síwájú rẹ̀. Ọ̀pá náà ṣeé ká kalẹ̀ bí ẹ bá ń gbé e pamọ́; bí ẹ bá nà án, á há gírígírí, kò ní máa mì lọ mì bọ̀.

Kò sí sípíríǹgì nínú rẹ̀. Irin kan ni ọ̀pá náà so mọ́. Bí a bá fa ọ̀pá, irin náà á tẹ̀, àmọ́ ìtẹ̀ náà kéré débi pé ojú kò lè rí i. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin náà á nà pẹ̀lú rẹ̀, iná tó ń gba inú wáyà kọjá á yí padà díẹ̀, ẹ̀rọ á sì sọ ìyípadà yẹn di ìwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá rẹ̀ kì í fi í gùn síwájú bí ti géèjì onísípíríǹgì nígbà tí ẹ bá ń fà á. Ìwọ̀nba ibi tí ọwọ́ yín bá rìn dé náà ni tírígà ń rìn dé. Fún ẹni tó fẹ́ fà á díẹ̀díẹ̀, àǹfààní ńlá nìyẹn.

Ó ń wọn láti òdo títí dé páùn 12, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 5.44. Ẹ lè yàn kó kà á ní páùn àti áùnsì, tàbí ní kílò àti gíráàmù. Ó máa ń mú iye tó ga jù lọ nínú ìfà kọ̀ọ̀kan sórí síkírínì, ó sì ń rántí ìfà 10 tó kẹ́yìn, á ṣírò àárín wọn fún yín. Ìrántí 10 yìí ló mú kó níye lórí jù, torí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan nípa tírígà.

Ìdá mẹ́wàá áùnsì ni nọ́ńbà tó kéré jù tó lè fi hàn, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 2.8. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Ọwọ́ èèyàn kò lè fa tírígà lẹ́ẹ̀mejì kó má fi 30 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá rí 1,812 lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ rí 1,846 lẹ́yìn rẹ̀, tírígà kò yí padà. Kò tíì sí ìròyìn kankan níbẹ̀.

Páùn 12 náà ní ibi tó ti ń di ìṣòro. Lára ìbọn ìléwọ́ tí tírígà ti máa ń gbé háńmà (irin tó ń já bọ̀ kí ọta lè dún) sókè fúnra rẹ̀ kó tó jù ú sílẹ̀, ìfà àkọ́kọ́ sábà máa ń wà láàárín páùn 10 sí 14, pàápàá lára ìbọn onírìfọ́fà (revolver) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé ó wúwo, géèjì yìí lè dé òpin kí háńmà tó já. Ẹ má ṣe fi agbára fà á kọjá òpin rẹ̀. Irin tó wà nínú tó bá ti tẹ̀ kọjá ààlà kì í padà sí ipò rẹ̀, láti ọjọ́ yẹn lọ òdo rẹ̀ á ti ṣáko.

Onísípíríǹgì àti irin ìwọ̀n

Géèjì onísípíríǹgì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ èèyàn, ó sì rọrùn láti rà. Sípíríǹgì kan wà nínú ọ̀pá, òrùka kékeré kan sì ń dúró sí ibi gíga jù tí ìfà dé. Kò lo bátìrì, kì í kú. Àléébù rẹ̀ ni pé ìlà ara rẹ̀ fẹ̀, ẹni méjì lè ka ohun méjì lára rẹ̀, òrùka náà fúnra rẹ̀ sì ń fara gbọ ọ̀pá nígbà tó ń lọ. Ó tó fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá tírígà òun sún mọ́ kílò 2 tàbí kílò 3. Kò tó fún ẹni tó ń yí síkúrù ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan.

Irin ìwọ̀n yàtọ̀ pátápátá. Kò ní nọ́ńbà tó ń fi hàn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń sọ. Ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ há tírígà, ẹ gbé ìbọn sókè ní òró, bí irin náà bá kúrò nílẹ̀ tí háńmà kò já, tírígà yín wúwo tó bẹ́ẹ̀ ó kéré tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lábẹ́ òfin ISSF, àjọ tó ń darí ìyìnbọn lágbàáyé àti ní Òlíńpíìkì. Ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ ti mítà 10 kò gbọ́dọ̀ dín ní 500 gíráàmù. Ìbọn ìléwọ́ mítà 25 kò gbọ́dọ̀ dín ní 1,000 gíráàmù. Ìbọn ìléwọ́ ti mítà 50 kò ní ààlà. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún ayìnbọn láti gbé irin náà, irin náà gbọ́dọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹnu ìbọn sì gbọ́dọ̀ dojú kọ òkè tààrà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á fi géèjì tún tírígà ṣe dé 1,000 gíráàmù gan-an, wọ́n á dé ibi ìdíje, irin 1,000 gíráàmù á já a. Géèjì kò purọ́. Bí èèyàn bá ń gbé irin kúrò nílẹ̀, ìgbésókè náà ń fi agbára kún ìwọ̀n irin. Bí ọwọ́ bá ń yára sí i ní mítà 1 fún ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe ohun tó le rárá, tírígà á rí bí ẹni pé irin náà fi ìdá 10 nínú 100 wúwo sí i. 1,000 ti di 1,100 nìyẹn. Ẹ tún tírígà yín ṣe sí 1,030 tàbí 1,040, ẹ fi sùúrù gbé irin, ọkàn yín á balẹ̀. Fún ìbọn afẹ́fẹ́, 515 sí 520 dára.

Kí ìwọ̀n kankan tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ yọ àpótí ọta kúrò. Ẹ fa sílàídì (irin òkè ìbọn tó ń lọ síwájú sẹ́yìn) sẹ́yìn, ẹ wo inú ihò ọta, ẹ tún fi ọmọ ìka wọ inú rẹ̀, torí ojú lè fo ohun tí ìka kò ní fò. Ẹ kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá náà, kì í ṣe kúrò lórí tábìlì nìkan. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí ohunkóhun tó bá jáde níbẹ̀ kò ti ní pa ẹnì kankan lára. Bí ẹ bá dìde lọ mu omi, tí ẹ padà dé, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí ọta. Kò sí àbùjá nínú èyí.

Fún ìbọn .22 tó máa ń lu etí ọta, ẹ má ṣe fi ihò òfo já a lemọ́lemọ́. Pín-ìn tó ń lu ọta á máa lu etí ihò fúnra rẹ̀, etí á yọ, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ fi ọta ìfidánrawò tó jẹ́ ike sí i, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀ lẹ́yìn ìfà bíi mélòó kan. Ìbọn afẹ́fẹ́ fún ìdíje máa ń ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dán tírígà wò láìyin afẹ́fẹ́. Ẹ lò ó.

Ibi tí ìkọ́ há sí

Tírígà tó ń yí lórí pín-ìn (èyí tó dì í mú lókè, kì í ṣe èyí tó ń lu ọta) jẹ́ ìdábùú tó so mọ́ òkè. Bí ìka ṣe jìnnà sí pín-ìn tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó ń béèrè ṣe dín kù tó. Ẹ gbà pé ìkọ́ há sí mílímítà 20 sísàlẹ̀ pín-ìn, tí géèjì ka 2,000 gíráàmù. Ẹ sún ìkọ́ kan náà wálẹ̀ ní mílímítà 5 péré. Ó ti di mílímítà 25, géèjì á sì ka 1,600. Mílímítà 5 kò ju fífẹ̀ orí bírò lọ. 400 gíráàmù ló gbé lọ.

Nítorí náà, ẹ yan ojú ibi kan, àárín gbùngbùn tírígà níbi tí ìka yín ń dúró sí gan-an ló dára jù, kí ẹ sì fi máákà tín-ín-rín sàmì síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírígà. Gbogbo ìwọ̀n yín láti ọjọ́ náà, orí àmì yẹn ni. Bí ẹlòmíràn bá ní tírígà òun jẹ́ 1,400 gíráàmù, ẹ kọ́kọ́ bi í níbi tó há ìkọ́ sí.

Tírígà ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911 yàtọ̀ síyẹn, torí kì í yí lórí pín-ìn. Ṣe ló ń sún sẹ́yìn tààrà nínú ihò ara férémù (egungun ìbọn). Lára rẹ̀, ìkọ́ tó há sókè jù tàbí sísàlẹ̀ jù kì í dín agbára kù. Ṣe ló ń dà á dùbúlẹ̀ sápá kan, tírígà á máa fara gbọ ògiri ihò rẹ̀, nọ́ńbà á ga, á sì máa yí padà láìnídìí. 1911 náà tún ní séfútì (ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣàdéédéé dún) ẹ̀yìn ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ wà ní títẹ̀ kí tírígà tó lè já háńmà. Bí ọwọ́ yín kò bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tó ga lójijì láàárín àwọn tó ṣe déédéé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan máa ń fi rọ́bà dè é. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí rọ́bà náà jẹ́ aláwọ̀ pupa tàbí ọ̀sàn tí ojú kò lè gbàgbé, kí ìbọn má lọ padà sínú àpò pẹ̀lú séfútì tí ẹ ti dè.

Ìbọn ìléwọ́ Glock àti àwọn tó jọ ọ́ ní ahọ́n kékeré láàárín tírígà. Ahọ́n yẹn ni séfútì wọn. Ìkọ́ gbọ́dọ̀ tẹ ahọ́n náà wọlé kí tírígà tó lè rìn. Bí ìkọ́ bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tírígà á dúró bí òkúta, géèjì á sì máa gòkè lọ. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún ìkọ́ há.

Ìgun ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Géèjì gbọ́dọ̀ máa fà sẹ́yìn ní ọ̀nà tí ìka yín ń gbà fà, ní ìbáradọ́gba pẹ̀lú ọ̀pá ìbọn. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ ní ìgun dígírì 20, díẹ̀ lára agbára yín ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tírígà kò rí i gbà. Géèjì á ka nǹkan bíi 2,130 fún tírígà tó jẹ́ 2,000. Ìgun dígírì 5 kò tó nǹkan. Ẹ má ṣe pa ara yín lórí ìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí háńmà já

Èyí ni àṣìṣe tó ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Géèjì tó ń rántí iye tó ga jù lọ kò mọ ìgbà tí háńmà já. Ó kàn ń rántí ibi gíga jù ni. Nígbà tí háńmà bá já, tírígà á rìn díẹ̀ sí i, á sì gbá ibi ìdúró rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ṣì ń fà lákòókò yẹn, ìkọ́ á fa irin tí kò lè rìn mọ́, géèjì á sì fò sókè. Tírígà 1,500 á di 1,900, ẹ ó sì rò pé ó wúwo.

Ẹ fi ìdí ọwọ́ tó mú géèjì ti orí tábìlì. Ẹ má fi apá fà. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kí ó gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 4 kí háńmà tó já. Bí ó bá já, ọwọ́ tó ti tábìlì kò ní lè fò sẹ́yìn. Tí ẹ bá ń ṣe é dáadáa, ẹ máa gbọ́ ìró háńmà nìkan. Bí ẹ bá gbọ́ ìró méjì, kà-kà, ìró kejì ni tírígà tó gbá ibi ìdúró. Ẹ pa ìwọ̀n yẹn rẹ́, ẹ má kà á mọ́ ìfà 10.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fáìsì (irin ìdìmú orí tábìlì) di ìbọn mú, ẹ fi awọ tàbí pákó sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì dì í ní ibi tó le, bíi ibi ìdìmú. Ẹ má fún un pọ̀ jù. Férémù tó tẹ̀ wọlé díẹ̀ lè fún tírígà mọ́ ihò rẹ̀, ẹ ó sì wọn agbára fáìsì pọ̀ mọ́ ti sípíríǹgì.

Ẹ tẹ òdo ní ipò tí ẹ máa lò ó. Bí ẹ bá tẹ òdo nígbà tí géèjì wà ní ìdùbúlẹ̀, tí ẹ wá gbé e ní òró láti fà á, ìwọ̀n ọ̀pá fúnra rẹ̀ á wọ inú ìṣírò. Kò pọ̀, àmọ́ fún ìbọn afẹ́fẹ́ tí àlàfo rẹ̀ kò ju 20 gíráàmù lọ, ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ fà á ní ìgbà 11, ẹ ju àkọ́kọ́ nù, ẹ gba àárín 10 tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ṣe pàtàkì ju àárín fúnra rẹ̀ lọ. Tírígà 2,300 tí gbogbo ìfà rẹ̀ wà láàárín 60 gíráàmù síra dára ju tírígà 1,500 tó ń fò láti 1,350 sí 1,700 lọ. Èyí àkọ́kọ́, ìka lè kọ́ ọ. Èyí kejì, irin kan ń fara gbọ irin mìíràn nínú rẹ̀, tàbí ìdọ̀tí wà níbi ìkọ́ tó di háńmà mú nínú ìbọn (kì í ṣe ìkọ́ géèjì). Bí ẹ bá rí irú ìyẹn, kì í ṣe síkúrù ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìbọn, ẹ fi epo díẹ̀ sí i, ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Tírígà onípele méjì, tó máa ń rìn wọlé díẹ̀ kí ìka tó bá ibi líle kan (ògiri) pàdé kí háńmà tó já, ní ìṣòro tirẹ̀: géèjì á sọ àpapọ̀ nìkan. Láti mọ ti ìpele àkọ́kọ́, ẹ fà á títí ẹ ó fi bá ògiri pàdé, ẹ dúró, ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ ka nọ́ńbà. Ó gba ìfarabalẹ̀, torí pé bí ẹ bá ti ògiri díẹ̀ péré, nọ́ńbà á ga. Ẹ ṣe é títí ẹ ó fi rí mẹ́ta tó jọra.

Ẹ dán géèjì fúnra rẹ̀ wò

Lítà omi kan jẹ́ kílò 1. Ẹ rọ omi sínú ìgò ike, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n ilé ìdáná, ẹ dín omi kù títí òun àti ìgò yóò fi jẹ́ 1,000 gíráàmù. Ẹ fi okùn ìpẹja so ó mọ́ ọ̀pá géèjì, ẹ gbé e sókè pẹ̀lẹ́, kó má fì. Ẹ ṣe ti 500, ẹ ṣe ti 2,000.

Bí 500 bá ka 485, tí 1,000 ka 985, tí 2,000 ka 1,985, òdo ni kò sí ní ipò: gbogbo rẹ̀ fi 15 dín. Ẹ tún òdo tẹ̀. Bí 500 bá ka 492, tí 1,000 ka 985, tí 2,000 ka 1,970, géèjì fúnra rẹ̀ ló ń kà á ní ìdá 1.5 dín nínú 100. Ẹ yí bátìrì padà kí ẹ tó dá a lẹ́bi, torí bátìrì tó ń kú lọ lè sọ nọ́ńbà di aláìdúró. Bí bátìrì tuntun kò bá tún un ṣe, ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sẹ́yìn géèjì, ẹ máa ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Àṣìṣe tí a mọ̀ kì í ṣe ìdí láti ju géèjì nù.

Síkúrù tó yẹ ká yí, àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀

Ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ṣe fún ìdíje, bíi ti Walther, Steyr, Morini àti Pardini, ní síkúrù tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ kí ayìnbọn lè yí i. Ìwé tó bá ìbọn dé ló máa sọ èyí tó jẹ́ ti ìwọ̀n ìpele àkọ́kọ́, ti ìwọ̀n ìpele kejì, ti gígùn ìrìn, àti ti ìdúró lẹ́yìn (ibi tí tírígà ń dúró lẹ́yìn tí háńmà bá já). Ẹ ka ìwé yẹn, torí pé síkúrù méjì tó jọra lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan jẹ́ ti sípíríǹgì, kí èkejì jẹ́ ti bí ìkọ́ tó di háńmà mú ṣe jinlẹ̀ tó lára rẹ̀. Ti sípíríǹgì, ẹ lè yí i. Ti ìkọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọṣẹ́ títún ìbọn ṣe. Ìkọ́ tí kò jìn tó lè jù háńmà sílẹ̀ láìsí ìka lórí tírígà.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ fi máákà sàmì sórí síkúrù àti sí ara ìbọn, kí ẹ lè mọ ojú ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí i ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré. Ẹ já tírígà ní ìgbà bíi 5 kí sípíríǹgì jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ̀n ọ́n ní ìgbà 10. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn, yíyí sápá ọ̀tún máa ń fún sípíríǹgì pọ̀, tírígà á sì wúwo sí i, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Nọ́ńbà géèjì ni kí ẹ gbàgbọ́.

Fún ìbọn afẹ́fẹ́, ìpín tó bá ọ̀pọ̀ ọwọ́ mu ni kí ìpele àkọ́kọ́ gba nǹkan bíi 380 sí 400 gíráàmù, kí ìpele kejì gba ìyókù títí dé 520. Bí ìpele kejì bá kéré jù, ìka kò ní mọ ògiri, ìbọn á já nígbà tí ẹ kò tíì ṣetán.

Síkúrù tí ẹ bá tú jáde jù á pàdánù sípíríǹgì tó ń tì í, á sì máa tú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìró ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán Loctite 243, gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù, tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó láti dì í mú. Bí ìwé ìbọn bá ní kí ẹ má fi nǹkan sí i, ẹ tẹ̀ lé ìwé. Síkúrù ìdúró lẹ́yìn náà ní tirẹ̀: bí ẹ bá yí i wọlé jù, tírígà kò ní rìn tó láti yọ ìkọ́ kúrò pátápátá. Lára ìbọn oníháńmà, háńmà tó ń já bọ̀ lè fi etí rẹ̀ gbá orí ìkọ́, á sì bà á jẹ́. Ẹ yí i wọlé títí tírígà kò fi ní já háńmà mọ́, ẹ tú u padà títí á fi já, lẹ́yìn náà ẹ tún tú u ní ìdajì ìyípo kan sí i.

Ìbọn tí kò ní síkúrù jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Níbẹ̀, sípíríǹgì ni àwọn èèyàn ń pààrọ̀, wọ́n sì sábà máa ń ṣì í. Ẹ wo Glock: sípíríǹgì ara tírígà rẹ̀ kì í ta ko ìka, ṣe ló ń ràn án lọ́wọ́ láti fà á sẹ́yìn. Sípíríǹgì pín-ìn tó ń lu ọta ló ń ta kò ó. Ẹni tó bá fi sípíríǹgì tírígà tó rọ̀ sí i ní ìrètí pé yóò fúyẹ́, á rí i pé ó wúwo sí i. Ẹni tó bá sì fi sípíríǹgì pín-ìn tó rọ̀ sí i, tírígà á fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ pín-ìn kò ní lu ìdí ọta pẹ̀lú agbára tó tó mọ́, àwọn ọta tí ìdí wọn le kò ní dún. Fún ìbọn tí èèyàn gbé fún ààbò, a kò rí èrè kankan nínú èyí. Ẹ fi ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fi sí i sílẹ̀, kí ẹ lo géèjì láti mọ̀ bí ó bá ń yí padà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yí síkúrù tán

Ìbọn ṣì ṣófo. Ẹ gbé háńmà sókè, ẹ fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú pẹ̀lú agbára tó tọ́. Kò gbọ́dọ̀ já. Ẹ tẹ séfútì, ẹ fa tírígà gan-an, ẹ tú tírígà sílẹ̀, ẹ wá yọ séfútì. Bí háńmà bá já nígbà tí ẹ yọ séfútì, ìkọ́ ti sún díẹ̀ nígbà tí ẹ ń fà á, séfútì kò dì í mú tán. Ìbọn yẹn kò gbọ́dọ̀ rí ọta. Ẹ fi ọta ìfidánrawò sínú àpótí, ẹ jẹ́ kí sílàídì padà fúnra rẹ̀ ní ìgbà 10, ẹ máa wo háńmà. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé sílàídì wálẹ̀. Ẹ má ṣe ju sílàídì 1911 sílẹ̀ lórí ihò òfo láti dán èyí wò, torí pé kò sí ọta tó máa dín eré rẹ̀ kù, ìkọ́ àti háńmà ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé pápá ìyìnbọn, ọta méjì péré ni kí ẹ fi sínú àpótí lákọ̀ọ́kọ́. Bí ìkọ́ kò bá di háńmà mú dáadáa, ìbọn lè dún lẹ́ẹ̀mejì lórí ìfà kan, ọta méjì sì rọrùn láti darí ju 15 lọ. Bí méjì bá dún lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́ta sí i kí ẹ tó kún àpótí. Lẹ́yìn ọta 200, ẹ tún gbé géèjì jáde, kí ẹ há ìkọ́ sórí àmì máákà yẹn, ẹ fà á ní ìgbà 11. Bí àárín bá ti fi ju 50 gíráàmù yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, síkúrù ń tú.